Ẹ̀gbọ́n, Ṣé Iṣẹ́ Ni àbí Orí?

Okun o, gbogbo ilé. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ mẹ́rin nínú wọn ń fa ọ̀rọ̀ kan náà láìmọ̀ pé àwọn ń fà á, mo bá ní kí n kó wọn pọ̀ sójú kan. Mo ti gé àwọn tó gùn kù, mo sì ti yọ orúkọ kúrò, torí ní ilẹ̀ Okun tiwa yìí, ọ̀dọ̀ àwa Yorùbá tó wà ní Kogi, tí èèyàn bá ti dárúkọ àdúgbò báyìí, wọ́n ti mọ bàbá ẹ̀, wọ́n ti mọ gbèsè tí bàbá ẹ̀ jẹ.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 47 ni mí, Ìsánlú ni mo wà, iṣu àti kaṣú ni mo ń ṣe. Ẹnì kan tí a jọ ṣe sẹ́kíńdírì, tí mo máa ń ṣí ìwé mi sílẹ̀ fún lásìkò tẹ́ẹ̀sì, wà l'Ábújá báyìí, ó ti kọ́lé méjì, Kérésì tó kọjá mọ́tò mẹ́ta ló bá dé. Níbi ìpàdé ìlú ó gba máíkì, ó ní ohun tó ń ṣe àwa tá a wà nílé ni ọ̀lẹ, pé ká tẹra mọ́ṣẹ́ bíi tòun. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyàwó mi náà pàtẹ́wọ́. Látìgbà yẹn oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́. Ẹ̀gbọ́n, ṣé iṣẹ́ ni àbí orí? Torí tó bá jẹ́ iṣẹ́ ni, ẹ wá wo àtẹ́lẹwọ́ mi.*
Àgbẹ̀, Ìsánlú

Àbúrò mi, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi tí ìyàwó ti pàtẹ́wọ́, má bínú. Máíkì làwọn èèyàn máa ń pàtẹ́wọ́ fún, wọn kì í gbọ́ ohun tí ẹni tó dì í mú ń sọ.

Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi fún ẹ. Ní 1983, abẹ́ Kwara la ṣì wà nígbà yẹn, 1991 ni wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ lọ ṣe intafíù iṣẹ́ tíṣà n'Ílọrin. Èsì ìdánwò tiẹ̀ dáa ju tèmi lọ, mi ò ní parọ́, òun ló ń kọ́ mi ní ìṣirò lálẹ́ nídìí àtùpà. A ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ sílẹ̀, a ti lọ aṣọ. Alẹ́ ọjọ́ tó kù ọ̀la ni ibà gbé e, ara ẹ̀ gbóná bí agbada gàrí, kò lè dìde. Èmi nìkan ni mo lọ, mo sì gba iṣẹ́ náà. Ó ní kò burú, òun á lọ nígbà tí wọ́n bá tún ń gba èèyàn. Ìparí ọdún yẹn sọ́jà gbàjọba, nígbà tó fi máa di 1984 ṣe ni wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ ìjọba dúró káàkiri, ta ló tún ń gba tuntun? Bí mo ṣe di tíṣà nìyẹn tí mo ṣe é títí mo fi fẹ̀yìn tì, tí òun sì wà lóko títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, iṣu ẹ̀ sì dáa o, òun ló ń fún mi ní iṣu tuntun lọ́dọọdún. Tí o bá wo èmi àti ẹ̀ dáadáa, ẹ̀fọn kan ló wà láàárín wa. Tí mo bá wá gba máíkì lónìí tí mo ní iṣẹ́ àṣekára ló gbé mi débí, mi ò parọ́, mo ṣiṣẹ́, mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí iléèwé tó wà nínú igbó, àmọ́ mo ti fo ẹ̀fọn yẹn kọjá nínú ìtàn.

Ọ̀rẹ́ ẹ tó wà l'Ábújá náà ní ẹ̀fọn tiẹ̀ tí kò jẹ ẹ́. Mi ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ ó ní in.

Ọ̀rọ̀ orí tí o bi mí, àwọn àgbà ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ jìnnà ju bí a ṣe ń sọ ọ́ lónìí lọ (ẹ̀yin ará ìjọ ECWA ẹ fara balẹ̀, ìtàn ni mo fẹ́ sọ, mi ò ní kẹ́nikẹ́ni lọ bọ nǹkan kan). Nínú Ifá, ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan ń bọ̀ wá sáyé, Oríṣẹ̀ékú ọmọ Ògún, Oríléémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, wọ́n ní kí wọ́n lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ sáré dé ibẹ̀, wọn ò bá Àjàlá nílé, wọ́n bá fọwọ́ ara wọn mú èyí tó wù wọ́n, orí tó tóbi, tó ń dán, wọn ò mọ̀ pé kò jiná. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ lọ́nà ni òjò pa wọ́n, orí ń ya lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé ayé, gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ rí, orí tó ti ya yẹn ni wọ́n fi ń tún ṣe. Ṣé o rí i báyìí? Ìtàn yẹn ò sọ pé wọn ò ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ gan-an. Èrè iṣẹ́ wọn ló ń lọ síbi àtúnṣe. Mo mọ èèyàn bẹ́ẹ̀ tó pọ̀ ní Yàgbà àti ní Ìjùmú, tó jẹ́ pé owó kaṣú tọdún yìí ló fi san owó ọsibítù tọdún tó kọjá.

Afùwàpẹ́ ńkọ́? Òun mú iyọ̀ àti owó dání lọ, ó fi iyọ̀ bá ẹni tó ń ṣọ́nà ṣọ̀rẹ́, ó fi owó san gbèsè tí Àjàlá jẹ tí Àjàlá fi ń sá pamọ́ sókè àjà, Àjàlá bá sọ̀ kalẹ̀, ó fi orí tó jiná hàn án. Wọ́n máa ń sọ pé ẹbọ tó rú ló gbà á, ìyẹn náà dáa. Àmọ́ ohun tí mo máa ń wò nínú ìtàn yẹn ni pé bàbá ẹ̀ ni Ọ̀rúnmìlà! Ó ní bàbá tó mọ ibi tí wọ́n ti ń bèèrè ọ̀rọ̀ kí èèyàn tó jáde nílé, ó ní owó lápò tí yóò fi san gbèsè ẹlòmíì. Àwọn méjì yòókù ò ya ọ̀lẹ jù ú lọ. Kò sẹ́ni tó gbà wọ́n nímọ̀ràn tí wọ́n gbọ́ ni.

Tó o bá sì fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe gbòòrò tó, wo ilẹ̀ tiwa yìí. Mú èèyàn kan tí wọ́n bí ní Yàgbà ní nǹkan bí 1870. Lásìkò yẹn àwọn ọmọ ogun Nupe láti Bida ń wọ ilẹ̀ Okun, wọ́n ń kó èèyàn lẹ́rú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, orí òkè làwọn ìlú ń sá lọ. January 1897 tí Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, gbé ogun wá sí Kàbà tí wọ́n sì lọ ṣẹ́gun Bida ni agbára yẹn tó já níbí. Ẹni tí mo ń sọ yẹn lè kọ ẹgbẹ̀rún ebè láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kejì kí wọ́n mú un lọ. Iṣẹ́ wo ló fẹ́ ṣe sí i? Wá mú ọmọ-ọmọ ẹ̀. Ní 1908 Tommie Titcombe, míṣọ́nnárì láti Kánádà, dé Ẹ̀gbẹ̀, ìwé àti ìtọ́jú ara tẹ̀ lé e, nígbà tó di 1951 iléèwé sẹ́kíńdírì tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ, Titcombe College, ti wà níbẹ̀. Ọmọ tí bàbá ẹ̀ kọ́lé sítòsí ibẹ̀ rí ìwé kà. Ọmọ tí bàbá ẹ̀ wà lábà tó jìn, tó lọ́pọlọ jù ú lọ, rí oko. Àwọn ọmọ àkọ́kọ́ yẹn ló di dókítà àti ọ̀jọ̀gbọ́n tí a fi ń yangàn, ó sì yẹ ká yangàn, wọ́n kàwé lóòótọ́. Àmọ́ ibi tí bàbá èèyàn kọ́lé sí kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ.

Ó ku oko ẹ. Ìwọ náà mọ̀ pé nínú oko kaṣú, iṣẹ́ ni kéèyàn ro etí oko mọ́lẹ̀ dáadáa kí ọyẹ́ tó le, kí iná ìgbẹ́ má bàa wọlé, ti orí sì ni afẹ́fẹ́. Mo ti rí ẹni tó ro etí oko tiẹ̀ tí afẹ́fẹ́ gbé iná fò wọlé bá a, mo ti rí ọ̀lẹ tí afẹ́fẹ́ yí padà nítorí ẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Àmọ́ tá a bá ka ogún ọdún pọ̀, oko àwọn tó ń ro etí oko ló máa pọ̀ nínú èyí tó ṣẹ́ kù. Bí iṣẹ́ ṣe lágbára mọ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì kéré sí bẹ́ẹ̀. Iye tí wọ́n ń ra kaṣú ńkọ́? Vietnam àti India ni wọ́n ti ń fọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, àwọn tó ń rà á níbẹ̀ ò mọ Ìsánlú, iye dọ́là àti iye tí náírà bá jẹ́ ló máa pinnu ohun tí ọ̀gá tó gbé sikéèlì wá á pè é fún ẹ. O lè ṣe iṣẹ́ kan náà gẹ́lẹ́ lọ́dún méjì, kí owó ọdún kejì jẹ́ ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ọdún tí owó bá wá gun òkè báyẹn, má jẹ́ kí ìwọ náà gba máíkì o.

Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ: jẹ́ kí èso já fúnra ẹ̀, má lù ú lulẹ̀, sá kóró ẹ̀ sóòrùn kó gbẹ kó tó wọ àpò, má sì ta á nígbà tó ṣì wà lórí igi torí owó iléèwé, ìyẹn ló ń pa àwọn àgbẹ̀ wa ju iná lọ. Ọ̀rẹ́ ẹ yẹn, tó bá tún dé, lọ kí i nílé láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀, kó o rántí fún un pé ìwé ta ló wò. Fi ẹ̀rín sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ọmọlúàbí ojú á tì í díẹ̀, á sì bi ẹ́ ohun tí kaṣú ń fẹ́. Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, o kúkú ti sọ ọ́.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ń yan gàrí ní Ìyàrà, ọdún 15 rèé, èéfín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú mi lọ. Mo ti ní ẹ̀rọ tèmi, mo ra ilẹ̀ kan. Àwọn ẹbí ọkọ mi ní orí ló ń bá mi ṣe é, pé owó kàn ń wá bá mi ni. Tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ìbéèrè owó ló kàn. Ó ń dùn mí. Orí wo? Ṣé orí ló ń jí mi ní aago mẹ́rin ni?*
Ìyá Olóúnjẹ, Ìyàrà

Ìyá wa, ẹ kú èéfín o. Mo mọ iṣẹ́ yẹn, ìyá tó bí mi ṣe é. Ká bó gbáàgúdá títí ọwọ́ á fi bó, ká fọ̀ ọ́, ká rìn ín, ká dì í sápò, ká fi jákì tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ká sẹ́ ẹ, ká tó wá jókòó ti agbada. Ẹni tó bá ní owó kàn ń wá bá yín, kó wá bó àpò gbáàgúdá kan péré kó tó tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ sọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rò pé ó wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Tí ẹtu bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọ àárín ìlú tí wọ́n pa á, gbogbo ìlú ló ń retí ẹran níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ọdẹ ló sùn sígbó tó fi rí i, ẹran ọdẹ ni, ẹni tó bá wù ú ló máa fún. Àwọn ẹbí yín ń pe owó yín ní ẹtu tó wọ̀lú. Kì í ṣe pé wọn ò rí èéfín lójú yín o, wọ́n rí i, tí wọ́n bá pè é ní iṣẹ́ wọ́n á ní láti tọrọ ni, tí wọ́n bá pè é ní orí, wọ́n lè gbà á bí ẹ̀tọ́. Ẹ wá wo lẹ́tà tó wà lókè tiyín, ọkùnrin Ábújá yẹn sọ ìdàkejì, ó ní gbogbo ẹ̀ iṣẹ́ ni, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé kẹ́nikẹ́ni má bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ òun. Lójú tèmi, tí wọ́n bá ń jà nínú ẹbí lórí iṣẹ́ àti orí, bí owó ṣe wọlé kọ́ ni wọ́n ń jà lé, ẹni tí wọ́n máa pín in fún ni.

Mi ò wá ní jẹ́ kí ẹ lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló ń mú àwọn ọmọ yín dání nígbà tí ẹ ń jí ní aago mẹ́rin? Tí ìyá ọkọ ló ń bá yín gbé wọn, orí nìyẹn. Ṣé etí títì ni ilé yín wà tí ọlọ́jà fi ń dúró rà á kó tó dé Kàbà? Orí nìyẹn. Tí ẹ bá ní ẹnì kejì tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀, tí oyún dá a dúró lọ́dún kẹta, ṣé ọ̀lẹ ni? Mi ò sọ èyí láti bù yín kù. Mo kàn fẹ́ kí ẹ ní ìṣirò tó péye lọ́wọ́ kí ẹ tó dá wọn lóhùn.

Ní ti owó: ẹ má dá a lóhùn nígbà tí wọ́n bá pè é ní ẹ̀tọ́. Ẹ yan èèyàn méjì tàbí mẹ́ta lọ́dún tí ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́ láti ọkàn yín, owó iléèwé, oògùn, ẹ fún wọn kí wọ́n tó bèèrè, ẹ má kọ orúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá kù, tó bá ní owó ń wá bá yín, ẹ ní kó wá lọ́la ní aago mẹ́rin, ọ̀bẹ ìbógbáàgúdá wà nílẹ̀, ẹ ó san owó iṣẹ́ fún un.

*Ẹ káàsán sà. Kàbà ni wọ́n bí mi sí, mo wà ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan báyìí, ọdún kejì. Nígbà tí a ṣe JAMB, mo gba 231, ọmọ Èkìtì kan tá a jọ wà ní lẹ́sìn gba 248, wọ́n mú mi, wọn ò mú un, iṣẹ́ kan náà la yàn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ̀, wọ́n ń pè mí ní ọmọ kóta. Mo kàwé o. Ṣé lóòótọ́ ni mo gba àyè ẹlòmíì ni?*
Ọmọ Kàbà

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tìẹ yìí rọrùn, ó sì nira.

Èyí tó rọrùn ni ti òfin. Bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ sí yunifásítì ìjọba àpapọ̀, 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní agbègbè yunifásítì náà, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà sí pé ẹ̀kọ́ ò tíì gbèrú tó níbẹ̀. Kogi wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Èkìtì kò sí níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ lo gbà wọlé, ìwọ kọ́ lo kọ òfin, o ò sì jí nǹkan kan.

Èyí tó nira nìyí. Tó o bá wọ mọ́tò láti Kàbà lọ sí Òmùò Èkìtì, kò ní pẹ́ tí o máa fi kọjá ààlà, èdè tí wọ́n ń sọ lápá ibí àti lápá ọ̀hún, tí àgbà bá ń sọ ọ́ o ò ní mọ ibi tí ọ̀kan ti parí. Ta ló fa ìlà yẹn? Òyìnbó ló kó wa sí Àríwá nígbà tí wọ́n ń pín Nàìjíríà, wọ́n pè wá ní Kabba Province. Nígbà tí òmìnira ń bọ̀, àwọn bàbá wa kan bá wọn fà á pé kí wọ́n dá wa padà sọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Ìwọ̀ Oòrùn, ìgbìmọ̀ Willink tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn, tó jókòó láàárín 1957 sí 1958 gbọ́ ẹjọ́ náà, kò bọ́ sí i. Ní 1967 wọ́n wá kó wa sábẹ́ ìpínlẹ̀ tó padà di Kwara, ní 1991 wọ́n gé wa sí Kogi. Ìlà tí àwọn bàbá wa fi ọ̀pọ̀ ọdún sunkún lé lórí, òun ló ṣílẹ̀kùn fún ẹ lónìí. Mo máa ń rò ó, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n bínú. Ìlà kan náà yẹn sì lè jẹ́ ìdí tí wọn ò fi ní rántí ẹ níbòmíì lọ́la, torí ní Lọ́kọ́ja wọ́n á ní Yorùbá ni ẹ́, n'Íbàdàn wọ́n á ní ará Òkè Ọya ni ẹ́. Gbogbo wa tá a jẹ́ Okun la mọ adùn ọ̀rọ̀ yẹn.

Nítorí náà, tí wọ́n bá pè ẹ́ ní ọmọ kóta, má jà. Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ ni mo gbà. Ẹni tó bá gbà pé òótọ́ ni, kò sí ohun tí wọ́n tún lè fi ṣe é mọ́. Ilẹ̀kùn nìkan sì ni kóta ń ṣí, kì í jókòó ṣe ìdánwò ọdún kejì fún ẹnikẹ́ni, máàkì tí o bá ń gbà níbẹ̀ báyìí, tìẹ ni. Ọmọ Èkìtì yẹn, ṣé o ṣì ní nọ́ńbà ẹ̀? Pè é. Tó bá tún fẹ́ jókòó fún JAMB, fi nóòtì ẹ ránṣẹ́ sí i, kó o sọ bí yunifásítì tìrẹ ṣe ń ṣe post-UTME fún un. Mi ò sọ pé o jẹ ẹ́ ní gbèsè o. Mo kàn rántí ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ mi ní ìṣirò nídìí àtùpà ni, mo sì mọ̀ pé ó tó ọdún mẹ́wàá kí n tó lè wo ojú ẹ̀ dáadáa lẹ́yìn tí mo gba iṣẹ́. Má jẹ́ kó pẹ́ bẹ́ẹ̀.

*Bọ̀ọ̀sì mi, ẹ̀yin àgbà ẹ ṣì ń sọ pé iṣẹ́ ló ń sọ èèyàn di olówó. Ọmọ ọdún 24 ni mí, Ẹ̀gbẹ̀ ni mo ti ń gun okadà, mo ti ka ND mi tán kò sí iṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá mo fi 500 ta bẹ́ẹ̀tì, mo jẹ 86,000. Okadà oṣù mélòó ni mo máa gùn kí n tó rí 86,000 lójú ẹ̀ẹ̀kan? Orí ló kù. Mo fẹ́ ta okadà náà kí n fi ta game ńlá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.*
Ọlọ́kadà, Ẹ̀gbẹ̀

Ìwọ yìí, fi kọ́kọ́rọ́ okadà yẹn sápò ná, ká sọ̀rọ̀.

Mi ò ní wàásù fún ẹ, o ti gbọ́ ìwàásù tó. Ìṣirò la fẹ́ ṣe, mo ti ní kí ọmọ mi bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí ojú má bàa tì mí. Ká ní o mú game mẹ́wàá sínú tíkẹ́ẹ̀tì kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan odds 1.50 (ìyẹn ni pé 1 náírà á di 1.50 tó bá wọlé), àwọn èyí tí ẹ̀yin máa ń pè ní sure. Tí gbogbo ẹ̀ bá wọlé, 1,000 náírà máa di bíi 57,600. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ odds 1.50 kì í ṣe ẹ̀bùn, ẹni tó gbé e kalẹ̀ ti yọ èrè tiẹ̀ kúrò nínú ẹ̀, ká sọ pé nínú irú game bẹ́ẹ̀ 100, 63 ló ń wọlé lóòótọ́. Game kan wọlé, kò burú. Kí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wọlé papọ̀ ńkọ́? Tó o bá ta irú tíkẹ́ẹ̀tì yẹn 100, bí ẹyọ kan ló máa wọlé. O ti ná 100,000, o gba 57,600. Ó ku 42,400, ìyẹn ló sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ṣé o rí i pé òun ò gbójú lé orí rárá? Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà níwájú ẹ̀ lẹ ń lo orí, òun ń lo ìṣirò.

Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti orí ṣe yàtọ̀ sí ti bẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Àgbẹ̀ Ìsánlú tó kọ̀wé lókè, afẹ́fẹ́ lè jó oko ẹ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ kì í gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó fẹ́. Ibi tí ìwọ fẹ́ lọ jókòó sí, wọ́n ti gé orí yẹn kù kó tó dé ọwọ́ ẹ.

Mo mọ̀ pé kò sí iṣẹ́, mi ò ní bá ẹ jiyàn, n kò sì ní pè ẹ́ ní ọ̀lẹ, ẹni tó ń gun okadà lójú ọ̀nà tiwa yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, ó sì ti ń fi ẹ̀mí ta bẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀ láìmọ̀. 86,000 yẹn, mo gbà pé o jẹ ẹ́. O ò sọ iye tí o ti tà kó tó wọlé, o ò sì sọ iye tí o ti tà látìgbà náà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ra ìwé kékeré kan, 200 náírà tàbí iyekíye tí wọ́n bá ń tà á l'Ẹ́gbẹ̀ báyìí. Lójú ewé kan, kọ gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí o bá ta, èyí tó já àti èyí tó wọlé, má fo ìkankan torí pé game kan péré ló já a. Lójú ewé kejì, kọ iye tí okadà mú wọlé lẹ́yìn epo. Oṣù mẹ́ta. Má tíì ta okadà. Tó bá parí, ya fọ́tò ojú ewé méjèèjì, fi ránṣẹ́ sí mi, mo máa gbé e jáde níbí bó ṣe rí, tí ojú ewé bẹ́ẹ̀tì bá fi ju ti okadà lọ, èmi fúnra mi máa bá ẹ wá ẹni tó máa ra okadà náà.